Bí Western Bulldogs Ṣe Gba Ife Ẹ̀yẹ AFL ní 2016: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Western Bulldogs ti ìlú Melbourne gba ife ẹ̀yẹ AFL, ìyẹn líìgì tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Ọsirélíà. Ọdún 62 ni wọ́n ti ń lé ife náà tí ọwọ́ wọn kò tó o. Ipò keje ni wọ́n wà nígbà tí líìgì parí, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tó ti ipò keje gba ife yìí rí. Ìbéèrè tí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dunjú, àmọ́ tí ti Ọsirélíà ṣàjèjì sí, máa ń béèrè nípa sáà yẹn la kó jọ síbí.

Ṣé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ náà ni, àbí rugby?

Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1859, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí. Pápá rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, ó sì fẹ̀ ju èyí tí Super Eagles ń gbá lọ dáadáa, torí pé pápá kríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà ń lò. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ náà rí bí ẹyin. Ènìyàn 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá, lọ́dún 2016, àwọn 4 mìíràn ló ń bá wọn pààrọ̀ wọlé wọ̀de. Lọ́dún 2016 yẹn, pààrọ̀ 90 ni òfin fàyè gbà nínú eré kan.

Abala mẹ́rin ni eré, ogún ìṣẹ́jú ni abala kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n aago máa ń dúró nígbà tí góòlù bá wọlé tàbí tí bọ́ọ̀lù bá jáde, nítorí náà abala kan lè sún mọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Agbábọ́ọ̀lù lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan kó fi ẹ̀ṣẹ́ kejì gbá a sí ẹnìkejì rẹ̀, èyí ni wọ́n ń pè ní handball. Kò gbọ́dọ̀ jù ú. Bó bá ń gbé e sáré, ó gbọ́dọ̀ fi í na ilẹ̀ ní gbogbo mítà 15. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá bá rin mítà 15 tí ẹnì kan sì hán an lófuurufú kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án, máàkì nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí yóò fi dúró dáadáa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò sí offside rárá.

Òfin tó máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó lójú ni ti dídi ènìyàn mú. Láti èjìká dé orúnkún ni wọ́n lè dì ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Bó bá ti ráàyè tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí kò tú u, ẹni tó dì í mú ló ni free kick.

Báwo ni mo ṣe máa ka èsì bíi 13.11 (89)?

Iye góòlù ló ṣáájú, iye behind ló tẹ̀ lé e, àpapọ̀ àmì ló wà nínú àkámọ́. Òpó mẹ́rin ló dúró ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan: méjì gíga láàárín, méjì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹlẹ́gbẹ́ bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín àwọn òpó gíga láìkan ọwọ́ ẹnikẹ́ni, góòlù ni, àmì 6. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, láàárín òpó gíga àti kúkúrú, tàbí tó kan òpó gíga, tàbí tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà, behind ni, àmì 1.

Nítorí náà, 13 lọ́nà 6 jẹ́ 78, ẹ fi 11 kún un, ó di 89. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka owó dọ́là, bí ẹni pé góòlù mẹ́tàlá àti díẹ̀ ni. Ẹ máa ṣírò àpapọ̀ kí ẹ tó sọ ẹni tó ń ṣáájú.

Báwo ni ẹgbẹ́ tó wà ní ipò keje ṣe lè gba ife? Ní Premier League, ẹni tó bá wà lókè tábìlì ló ń gbà á.

Ní Ọsirélíà, tábìlì kò parí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú líìgì lọ́dún náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá eré 22, ìṣẹ́gun kan jẹ́ àmì 4 lórí tábìlì. Àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló wọ ìpele àṣekágbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko sì ni ìpele náà fi ń wáyé.

Àwọn mẹ́rin òkè ní àǹfààní kan tí àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ kò ní. Ẹni kìíní ń pàdé ẹni kẹrin, ẹni kejì ń pàdé ẹni kẹta. Ẹni tó bá borí á sinmi ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi ṣì ní ànfààní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n fún ẹni karùn-ún dé ẹni kẹjọ, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá pàdánù báyìí, ilé ló kù. Lọ́dún 2016, ẹni kẹfà gbàlejò ẹni keje, ẹni karùn-ún gbàlejò ẹni kẹjọ.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún Bulldogs ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, kò sí èyí tí wọ́n máa gbá nílé nínú rẹ̀, kò sì sí ìsinmi.

Ẹ má sì rò pé keje yẹn túmọ̀ sí pé wọn ò dáa. Ìṣẹ́gun 15 nínú 22 ni wọ́n ní. Sydney, Geelong àti Hawthorn ní 17; GWS (ìyẹn Greater Western Sydney), Adelaide àti West Coast ní 16. Ìṣẹ́gun méjì péré ló wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni keje. Ẹni kẹjọ, North Melbourne, ní 12, ó jìnnà sí wọn.

Kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà fi ń sunkún ní Footscray lọ́jọ́ náà?

Footscray ni orúkọ ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti èbúté ní ìwọ̀ oòrùn Melbourne ni. Wọ́n wọ líìgì ńlá ní 1925. Ní 1954 wọ́n gba ife fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n na ẹgbẹ́ Melbourne ní 15.12 (102) sí 7.9 (51). Charlie Sutton ni balógun ẹgbẹ́ náà àti kóòṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1961, Hawthorn nà wọ́n. Láti ìgbà náà, wọn ò tún fojú kan àṣekágbá mọ́ títí di 2016.

Ohun tó dunni jù ni pé kì í ṣe pé wọn ò sún mọ́ ọn. Ìgbà méje ni wọ́n dé eré tó kángun sí àṣekágbá tí wọ́n sì ṣubú síbẹ̀: 1985, 1992, 1997, 1998, 2008, 2009 àti 2010. Ní 1997, àmì 2 ni Adelaide fi borí wọn. Àwọn tó rí ife 1954 nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ti di àgbà arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ láìrí ìkejì.

Ó tún ku ti 1989. Gbèsè wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn, àwọn aláṣẹ líìgì sì kéde pé wọ́n máa da Footscray pọ̀ mọ́ Fitzroy, kí ọ̀rọ̀ wọn tán síbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ráàyè ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì gbé agolo ìtọrọ owó kiri ojúlé àti òpópónà títí owó fi pé. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Peter Gordon ló ṣáájú wọn. Òun náà ni ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà tí ife dé ní 2016. Fitzroy tí wọ́n fẹ́ dà wọ́n pọ̀ mọ́ kò rí irú rẹ̀: ní 1996, wọ́n gbé e lọ dà pọ̀ mọ́ Brisbane. Ọdún yẹn kan náà ni Footscray kéde pé Western Bulldogs ni wọ́n á máa jẹ́, kí gbogbo ìwọ̀ oòrùn ìlú náà lè mọ̀ ọ́n ní tiwọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2014 tí gbogbo ènìyàn máa ń mẹ́nu bà?

Ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Nígbà tí sáà parí, Ryan Griffen tó jẹ́ balógun sọ pé òun ń lọ sí GWS. Kóòṣì Brendan McCartney náà fi ipò sílẹ̀. Adam Cooney, tó ti gba Brownlow, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú líìgì, lọ sí Essendon.

Bulldogs kò jẹ́ kí Griffen lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi òun àti ànfààní ìkẹfà wọn nínú yíyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù (a ó ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀) ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n gba Tom Boyd, ọmọ ọdún 19 gíga kan tí GWS mú ní ẹni àkọ́kọ́ nínú yíyàn 2013. Ọdún méje ni ìwé àdéhùn rẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà fún ọdún méjì gbáko. Ẹ fi orúkọ Boyd yìí sọ́kàn.

Kóòṣì tí wọ́n mú ni Luke Beveridge. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà rí, ó ti ṣe igbákejì kóòṣì ní Hawthorn, ó sì ti gba ife mẹ́ta léraléra pẹ̀lú ẹgbẹ́ St Bede's Mentone nínú líìgì àwọn tí kì í gbowó oṣù. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, 2015, ipò kẹfà ni wọ́n ṣe. Adelaide fi àmì 7 lé wọn jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìpele àṣekágbá.

Ìpalára pọ̀ lọ́dún yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe là á já?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta péré, iṣan eékún balógun wọn, Bob Murphy, já nígbà tí wọ́n ń bá Hawthorn gbá. Irú ìpalára yìí ń gba ọdún kan kí ó tó san. Àmì 3 ni wọ́n fi pàdánù eré náà, wọ́n sì tún pàdánù olórí wọn. Murphy ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ife ni ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń wá. Easton Wood ló gba ipò balógun lórí pápá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún, nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú St Kilda, egungun ẹsẹ̀ Mitch Wallis kán, iṣan eékún Jack Redpath sì já. Àwọn mìíràn bíi Jack Macrae àti Tom Liberatore náà wà nílé ìtọ́jú bí líìgì ṣe ń lọ sópin.

Nǹkan méjì ló gbà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn aláṣẹ líìgì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sáàárín ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún àti ìpele àṣekágbá. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àìsí ìsinmi yẹn, Macrae àti Liberatore kò bá tí ì lè padà. Ìkejì ni pé Beveridge kì í so ènìyàn mọ́ ipò kan. Liam Picken tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni kó máa tẹ̀ lé ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì kó má jẹ́ kó mí, wọ́n sọ ọ́ di agbágóòlùwọlé. Marcus Bontempelli, ọmọ ogún ọdún tó ga ní mítà 1.93, ń ṣe àárín, ń ṣe iwájú. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹlòmíràn ti mọ ibẹ̀.

Irú bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbá gan-an?

Handball, handball, handball. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sáàárín èrò, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a jáde kíákíá, ibi yòówù kó bọ́ sí. Bulldogs kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mú un á fi ẹ̀ṣẹ́ ta á sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù, onítọ̀hún á tún ta á, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kan tó wà níta tí kò sí ẹni tó ń lé e. Ẹni yẹn ló máa sáré, òun ló máa fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú lójú pọ̀nnà.

Ó gba kí ènìyàn pọ̀ nítòsí bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Bí ẹ̀ṣẹ́ kan bá ṣì í, tí ẹgbẹ́ kejì já a gbà, ẹ̀yìn ti ṣófo, góòlù ni yóò já sí. Ohun tí wọ́n fi dí ihò yẹn ni dídi ènìyàn mú: bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹni méjì mẹ́ta á ti rọ́ lu ẹni tó gbà á. Caleb Daniel ló ń fi ara rẹ̀ hàn jù nínú irú eré yìí. Mítà 1.68 péré ló ga, òun ló kúrú jù nínú gbogbo líìgì, ó máa ń dé àṣíborí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti àwọn òmìrán tó yí i ká lọ.

Ẹ tò eré mẹ́rin náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, Perth, West Coast. Láti Melbourne sí Perth jẹ́ bíi 2,700 kìlómítà, ọkọ̀ òfuurufú ń lo wákàtí mẹ́rin. West Coast ti dé àṣekágbá lọ́dún tó ṣáájú, wọn kì í sì í rọrùn nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ pé Bulldogs kàn fẹ́ lọ fojú kan Perth kí wọ́n padà ni. 14.15 (99) sí 7.10 (52) ni èsì, iyàtọ̀ àmì 47.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, MCG (pápá ìṣeré ńlá ìlú Melbourne), Hawthorn. Hawthorn yìí ti gba ife 2013, 2014 àti 2015, wọ́n ń wá ìkẹrin léraléra. Àmì 2 péré ni Geelong fi borí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìyẹn ló gbé wọn wá sójú ọ̀nà Bulldogs. Hawthorn ló kọ́kọ́ ń ṣáájú. Abala kẹta ni ọwọ́ yí padà, ó sì parí sí 16.11 (107) sí 12.12 (84). Ìjọba Hawthorn parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Sydney, GWS. Ẹni tó bá ráàyè wo eré kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ni kó wò. Ẹgbẹ́ tuntun ni GWS, 2012 ni wọ́n wọ líìgì, àwọn ọ̀dọ́ tó dára jù ní orílẹ̀-èdè náà ni líìgì fi kọ́ ọ. Wọ́n ti fi àmì 36 na Sydney tó wà ní ipò kìíní, wọ́n sì ti sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Clay Smith, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí eékún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbá góòlù mẹ́rin wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́sẹ̀ náà. GWS yọ síwájú ní abala ìkẹyìn, ó jọ pé ìṣubú ìkẹjọ máa tún kún méje tó ti kọjá. Bontempelli dá ọ̀kan padà, Macrae gbá èyí tó gbé wọn lékè, wọ́n sì dì í mú títí fèrè fi dún. 13.11 (89) sí 12.11 (83). Ẹ wò ó, iye behind wọn dọ́gba. Góòlù kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àṣekágbá, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn tirẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àṣekágbá?

Ènìyàn 99,981 ló wà ní MCG. Sydney Swans ló wà lójú kejì, ẹgbẹ́ tó parí líìgì sí ipò kìíní, tí Lance Franklin jẹ́ ìbọn ńlá wọn níwájú. Franklin fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ó ń rìn tiro títí dé òpin.

Báyìí ni àmì ṣe ń lọ bí abala kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí, Bulldogs ló ṣáájú nínú kíkà: 12 sí 8, 44 sí 46, 61 sí 53, 89 sí 67. Abala kejì ni Sydney fẹ́ gbé e lọ. Josh Kennedy, ọ̀gá wọn láàárín pápá, gbá góòlù mẹ́ta nínú abala yẹn nìkan. Bulldogs kò jẹ́ kó já mọ́ wọn lọ́wọ́, àmì 2 péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn nígbà ìsinmi.

Abala ìkẹyìn ni gbogbo ènìyàn rántí. Jason Johannisen gbá bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n kọ́kọ́ kà sí góòlù, pápá mì tìtì. Wọ́n wo fídíò, wọ́n rí i pé ọwọ́ ti kàn án, wọ́n yí i sí behind. Kò pẹ́ sí i, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Franklin ní nǹkan bí àárín pápá. Dale Morris, ẹni ọdún 33, ló ń lé e bọ̀. Ó rọ́ lù ú, ó dì í mú, bọ́ọ̀lù bọ́. Tom Boyd ṣà á, ó yíjú, ó sì gbá a láti ibi tó ju mítà 50 lọ síbi tí kò sí ẹnì kankan. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó ń ta pọ́ún pọ́ún, ó sì wọlé. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi owó rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà láti ọdún méjì, góòlù mẹ́ta ló gbá lọ́jọ́ náà. Picken náà gbá mẹ́ta, tiẹ̀ ló sì ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn eré ni ayé tó mọ̀ pé egungun ẹ̀yìn Morris ti sán tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fi gbá gbogbo rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé rẹfirí gbè sẹ́yìn wọn?

Free kick 20 ni Bulldogs rí, Sydney rí 8. Iyàtọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́, àwọn ará Sydney ò sì tí ì gbàgbé rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ tó bá ń kọ́kọ́ débi bọ́ọ̀lù, tó sì ń di ènìyàn mú bíi tiwọn, ló máa ń rí free kick jù. Àwọn ìpinnu kan wà tó ṣe é jiyàn lé, pàápàá ìgbà tí Dan Hannebery ti Sydney ṣe eékún léṣe ní abala ìkẹyìn tí fèrè kò dún. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo abala kẹrin látòkè délẹ̀ yóò rí ẹgbẹ́ kan tó ń sáré àti ẹgbẹ́ kan tó ti rẹ̀. 28 sí 14 ni abala yẹn nìkan.

Níbo ni wọ́n ti kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí jọ?

Ní AFL, ẹgbẹ́ kò lè fi owó ra ẹni tó wù ú bíi Chelsea. Òté wà lórí àpapọ̀ owó oṣù. Lọ́dọọdún, wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ẹgbẹ́ tó ṣe ẹ̀yìn jù lórí tábìlì ló máa kọ́kọ́ yàn. Láti ibẹ̀ ni Bontempelli, tí wọ́n yàn ní ẹni kẹrin ní 2013, àti Macrae, ẹni kẹfà ní 2012, ti wá.

Òfin kan tún wà tó yẹ kí Yorùbá fẹ́ràn: bí bàbá ọmọ bá ti gbá eré 100 fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ yẹn ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí ọmọ náà. Tom Liberatore, Lachie Hunter àti Zaine Cordy, ọmọ àwọn tó ti wọ aṣọ yẹn rí ni wọ́n. Wallis tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tony, bàbá Liberatore, gba Brownlow ní 1990, kò sì gba ife rí.

Àwọn tó wú wa lórí jù ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò yàn. Lẹ́yìn tí yíyàn gidi bá ti parí, wọ́n máa ń mú àwọn tó ṣẹ́kù wọlé ní owó kékeré, láìsí ìdánilójú pé wọ́n máa fẹsẹ̀ kan pápá láéláé. Ọ̀nà yẹn ni Dale Morris, Matthew Boyd, Liam Picken, Luke Dahlhaus àti Johannisen gbà wọlé. Ẹ tún orúkọ wọn kà pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá. Matthew Boyd ti wà nínú àwọn eré tó kángun sí àṣekágbá tí wọ́n pàdánù ní 2008, 2009 àti 2010, ó sì ti pé ẹni ọdún 34 kó tó rí ife.

Ṣé ọmọ Áfíríkà ló gba àmì ẹ̀yẹ ọjọ́ náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, Johannesburg ní South Africa ni wọ́n bí Jason Johannisen sí. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Perth nígbà tó wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ló ti kọ́ eré yìí. Ẹ̀yìn ló ń gbá, àmọ́ sísáré gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà 33 ló gba bọ́ọ̀lù tó sì fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fún un ní Norm Smith Medal, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá.

Kí ni ìtàn mẹ́dàlì tí kóòṣì fi tọrẹ?

Àwọn 22 tó gbá àṣekágbá nìkan ló gba mẹ́dàlì lọ́dún náà, nítorí náà kò sí ti Bob Murphy. Kóòṣì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní Jock McHale Medal. Nígbà tí wọ́n fi í kọ́ Beveridge lọ́rùn, ó pe Murphy gorí pèpéle níwájú gbogbo èrò, ó bọ́ mẹ́dàlì náà, ó sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, Murphy àti Wood jùmọ̀ gbé ife sókè. Murphy padà sórí pápá ní 2017, ó fẹ̀yìn tì nígbà tí sáà yẹn parí pẹ̀lú eré 312 lórúkọ rẹ̀, láìgbá àṣekágbá rí.

Ṣé wọ́n tún gbà á lẹ́yìn náà?

Rárá. Ní 2017 ipò kẹwàá ni wọ́n ṣe, wọn ò wọ ìpele àṣekágbá rárá. Ní 2021 wọ́n padà dé àṣekágbá ní Perth, Melbourne sì nà wọ́n ní 21.14 (140) sí 10.6 (66). Tom Boyd fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2019 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 23, ó sì ti sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ìrora ẹ̀yìn àti ìdààmú ọkàn tó bá a fínra. Ó yẹ kí ẹni tó ń wo góòlù rẹ̀ yẹn mọ ohun tó ná an.

Mo fẹ́ wo eré náà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Aago 2:30 ọ̀sán ní Melbourne ni àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, aago 5:30 ìdájí ni ní Èkó, òwúrọ̀ ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà gan-an. Àwọn tó bá fẹ́ wo líìgì náà láti òkèèrè ń san owó fún WatchAFL. Àwọn fídíò kúkúrú wà lórí YouTube tí AFL fúnra wọn ń lò.

Ẹ kọ́kọ́ wo abala kẹrin eré GWS, ẹ máa fojú ṣọ́ iye ọwọ́ tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo àṣekágbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dé ibi tí Franklin ti mú bọ́ọ̀lù ní abala ìkẹyìn, ẹ má wo Franklin. Ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò.